Ohun Tí Ẹ̀kán Oògùn Fi Sílẹ̀ Lórí Gíláàsì ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ṣakí, láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí tí ẹ kò ti bi mí ní ìbéèrè. Ẹ bi mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ bi mí nídìí ẹ̀rọ tí a ti ń lọ ata. Àwọn kan ní ojú ni mo lọ wò ní Èkó. Àwọn mìíràn ní Ràsákì àbúrò mi ló ń ṣàìsàn, pé mo lọ tọ́jú rẹ̀. Ara Ràsákì le, ojú mi náà sì ń ríran. Mo ti gbìyànjú láti dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n orí ìdúró ni a máa ń wà, ọ̀rọ̀ náà kì í parí kí ẹnìkan tó pe ẹnìkejì. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí mo gbé lọ

Sìlífátù aránṣọ, ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ti dolóògbé, ni mo torí rẹ̀ lọ. Wárápá ti ń ṣe é láti kékeré. Oògùn ló fi ń kápá rẹ̀, oògùn náà sì ṣiṣẹ́ débi pé ó kọ́ṣẹ́, ó lọ́kọ, ó bímọ. Lẹ́yìn náà ni àìsàn náà tún gbéra. Ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ṣubú níbi tó ti ń fọ abọ́. Lọ́jọ́ tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ wá gbé ọmọ náà lọ.

Wọn kò jà, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Sìlífátù, lọ máa lo oògùn rẹ bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí o kò bá ṣubú mọ́, wá gbé ọmọ rẹ."

Gbogbo ènìyàn gbà pé kò lo oògùn ni. Dókítà bi í léèrè, ọkọ rẹ̀ bi í léèrè, ó búra títí ó fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ilé mi ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ, lójú mi ló sì ti ń gbé oògùn náà mì. Bó bá ti mu omi tán, màá ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá ń fún wọn ní oògùn aràn. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ṣì ń ṣubú.

Mo wá rántí pé nígbà tí oògùn tán ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tajà nítòsí gáréèjì ni a ti ń ra tirẹ̀. Mo pe Nímọ̀ta, ọmọ Ràsákì, lórí fóònù. Onímọ̀ kẹ́místrì ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan ní Olódì-Àpápá tí mo ti máa ń gbọ́ tí kò yé mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá Ṣakí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá Sìlífátù jà mọ́. Ẹ mú díẹ̀ wá nínú oògùn yẹn kí n wò ó."

Mo mú díẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e, mo kó o sáàárín àwọn aṣọ mi. Ohun tí mo lọ wá nìyẹn. Bí oògùn náà bá dára, a jẹ́ pé n kò mọ ohun tí màá tún sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ̀lú

N kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe rí, kó lọ rìn ín.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni àwọn ọkọ̀ tírélà tó tò lọ sí Tin Can. Mo rò pé ìjàm̀bá ló ṣẹlẹ̀ níwájú. Rárá o, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n láti wọ èbúté ni, àwọn awakọ̀ sì ti sọ abẹ́ ọkọ̀ di ilé. Mo rí ẹni tó sá ṣòkòtò sórí dígí ọkọ̀ rẹ̀, mo rí ẹni tó tẹ́ ẹní sáàárín táyà, mo sì rí ọkùnrin Hausa kan tó ń se ọbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ mú kí n bojú wẹ̀yìn. Ó rí mi, ó ní, "Hajiya, bismillah." Ó ń na oúnjẹ sí mi, ẹni tí kò rí mi rí. Mo ní Ọlọ́run á bù sí i.

Ní Ajégúnlẹ̀ gan-an, mo rí i pé àlejò ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni mò ń sọ. Yorùbá tiwọn ń sáré, èdè òyìnbó àti píjìn a sì wọ àárín rẹ̀ kí ènìyàn tó mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ sí mi kí a bọra lọ́wọ́, èmi tí mo lè bí bàbá rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, no vex," ó sì gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí. Omi òjò ti kún ojú títì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le fún mi títí a fi dé ẹnu ọ̀nà Ràsákì. Kò dúró gba ọpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú fífi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ nìkan wọn ìwà ọmọlúàbí. Àmọ́ kí àwọn ọmọ wa ní Ṣakí má gbọ́ èyí.

Sítáàṣì

Ara Ùròbò ni obìnrin tó bá Ràsákì pín ògiri. Màmá Ẹ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ pé àlejò dé, ó gbé oúnjẹ wá: ohun kan tó pọ́n bí pupa ẹyin, tó ń dán, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn tí ó kún fún ẹja. Sítáàṣì ni wọ́n ń pè é, láti ara ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo bù ú bí mo ṣe ń bu ẹ̀bà. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi. Mo fi ọwọ́ kejì yọ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà.

Màmá Ẹ̀fẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi epo kan ọwọ́ fẹ́ẹ́sì! Ẹ rọra fà á, ẹ má bá a jà."

Mo fi ojú epo ọbẹ̀ ra ìka, mo fà á, ó sì já wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, oúnjẹ náà dùn. Ọbẹ̀ ẹyìn yẹn ní ewé kan nínú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ kejì, n kò sì fẹ́ kó lọ.

Yàrá Nímọ̀ta

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe fún yín, nítorí mo ti ń gbọ́ ọ kiri pé Nímọ̀ta ní ẹ̀rọ tó ń bá oògùn sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Yàrá kékeré ni, lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn kan ní Olódì-Àpápá. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan, àti fóònù tí wọ́n so mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á lọ hóró oògùn kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi tó mọ́ tí wọ́n ti fi sípíríìtì díẹ̀ sí, wọ́n á jẹ́ kó tòrò. Wọ́n á wá kán ẹyọ ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Ẹ ti rí i bí tíì ṣe máa ń fi òrùka sílẹ̀ lórí tábìlì bó bá kán síbẹ̀ tó sì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ẹ̀kán náà bá gbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á tò ara rẹ̀ sórí gíláàsì. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń tò. Àwọn kan ń hu bí gbòǹgbò, àwọn kan ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi í wé ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò oògùn tó dájú pé ó dára. Bó bá jọ, á ní ó jọ. Bí kò bá jọ, á ní kò jọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìwé tí àwọn ọmọ kọ, n kì í nílò orúkọ lókè ìwé kí n tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí Nímọ̀ta ṣàlàyé tán, mo ní, "Áà, ìṣọwọ́kọ̀wé oògùn lẹ ń wò." Ó ní, "Màmá Ṣakí, màá jí ọ̀rọ̀ yẹn lò."

Ẹni tó ń ṣe ti kọ̀ǹpútà ni Gọ́dípáwà, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ tí wọ́n bí ní Ajégúnlẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àgbà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó kí mi pé, "Màmá Tíṣà, ṣé o jí ire?"

Mo ní, "Ṣé ẹ jí ire."

Ó ní, "Mo jí ire, thank you Ma."

Nímọ̀ta sá síta lọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Gọ́dípáwà yìí náà ló gbé mi jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tó rí i pé mò ń làágùn, tó lọ gbé fáànù kékeré alábátìrì láti iwájú ilé ìtajà, tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Atẹ́gùn náà tù mí lára. Mo ṣàdúrà fún un.

Afẹ́fẹ́ mi

Nímọ̀ta ní kí a kọ́kọ́ fi oògùn tó dára dán an wò, irú kan náà tí Sìlífátù ń lò, èyí tí òun gbà ní ọsibítù. Bí ìyẹn bá jọ ara rẹ̀, a óò wá kán tiwa.

Ó kán an. A dúró. Ó gbẹ. Gọ́dípáwà ya fọ́tò, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Kò jọ."

"Oògùn tó dára?"

"Kò jọ, Mà."

Wọ́n tún kán òmíràn. Kò jọ. Lọ́jọ́ kejì, Nímọ̀ta fi ìdérí ike bo gíláàsì náà. Ẹ̀kán náà pẹ́ kó tó gbẹ, nígbà tó sì gbẹ, ńṣe ló rí wúruwùru bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lára ògiri. Kò jọ.

Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí oògùn tó dára kò bá lè jọ ara rẹ̀, ta ni yóò gbà wá gbọ́ bí a bá ní tiwa kò dára? Mo ti ń wo ara mi nínú ọkọ̀ tí ń padà sílé, tí Sìlífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ojú mi.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Nímọ̀ta ní, "Bóyá kí a fi í sílẹ̀, Mà. Bóyá iṣẹ́ yìí kò tíì gún tó bí mo ṣe rò." Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́, mo sì mọ ọmọ tó ní ìdáhùn tí kò fẹ́ na ọwọ́.

Mo ní, "Nímọ̀ta, àwọn fọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, níbo lẹ ti yà wọ́n?"

"Níbí náà ni, Mà."

"Lórí tábìlì yìí?"

"Lórí tábìlì yìí, Mà."

"Omi kan náà? Gíláàsì kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló wá wà níbí báyìí tí kò sí níbí nígbà náà?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo Gọ́dípáwà. Gọ́dípáwà wo àjà.

"Ẹ̀yin ni, Mà," ó ní.

"Èmi?"

"Ẹ má bínú, Màmá Ṣakí. Fáànù yín ni. Bí ẹ̀kán bá ń gbẹ, kò gbọdọ̀ sí atẹ́gùn tó ń ti í. Fáànù yẹn ń ti gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi dé e lánàá, ṣùgbọ́n ìdérí náà kò jẹ́ kó mí."

"O ti mọ̀ láti àná?"

"Láti ìjẹta ni mo ti ń fura, Mà."

"Kí ló dé tí o kò pa á?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. "Kí n pa fáànù mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lára nínú ooru yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ti Ṣakí wá? Tí Dádì bá gbọ́ ńkọ́?"

Gọ́dípáwà ní, "Me sef no know say na the fan. I just dey respect Mama."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, n kò mọ èyí tí màá gbà wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi pa fáànù náà. Mo ní, "Nímọ̀ta, bí mo bá kọ ìṣirò tí kò tọ̀nà sójú pátákó, tí o rí i, tí o sì dákẹ́, ṣé o yẹ́ mi sí nìyẹn?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Nu ojú rẹ. Tún un kán."

"Ooru á mú yín, Mà."

"Kó mú mi. Kán an."

Jíjọ àti àìjọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ooru ń mú ní Ṣakí, ẹ lọ jókòó sínú yàrá tí kò ní fáànù ní Olódì-Àpápá. Mo tú gèlè. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn etí mi wọ inú aṣọ. A kàn ń wo ẹ̀kán kékeré náà bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ sùn.

Nígbà tó gbẹ, mo fi ojú mi rí i nínú awò kí ó tó dé inú kọ̀ǹpútà: òrùka tó nípọn, tó yípo gééré, pẹ̀lú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń hù lọ sí àárín, ó lẹ́wà bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́rùn agbádá.

"Ó jọ!" Gọ́dípáwà kígbe. "Màmá Tíṣà, ó jọ!"

Wọ́n tún kán òmíràn kó lè dá wọn lójú. Ó jọ. Nígbà náà ni Nímọ̀ta wẹ ọwọ́, tó tú ọ̀rá tí mo gbé wá láti ilé, tó lọ oògùn Sìlífátù, tó sì kán an.

Nígbà tí ìyẹn gbẹ, kò sí gbòǹgbò kankan. Òrùka rẹ̀ rí bàìbàì, ohun funfun kan sì dì sí àárín rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi pa. Gọ́dípáwà rọra ní, "Kò jọ, Mà." Wọ́n mú hóró mìíràn. Kò jọ. Wọ́n mú òmíràn sí i. Kò jọ.

Bó ti ń sọ pé kò jọ ni èmi ń sọ pé alhamdulillahi. Ẹni tó bá gbọ́ wa láti ìta yóò rò pé orí mi ti dàrú. Oògùn burúkú ni, mo sì ń dúpẹ́, nítorí ọmọ mi kò purọ́.

Mo pe Sìlífátù lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Oògùn náà ni. Kì í ṣe ìwọ." Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi tún un sọ kí ọkọ mi gbọ́," ó sì gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀ tó wá kí i. Mo tún un sọ, ketekete, bí ẹni ń pe àpèkọ.

Ṣùgbọ́n Nímọ̀ta kì í ṣe aláṣejù. Ó ní ohun tí òun ṣe yìí lè fi hàn pé oògùn mú ìfura wá, kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó tóbi ju tirẹ̀ lọ. Èsì wọn dé kí n tó kúrò ní Ajégúnlẹ̀: oògùn gidi tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ máa kán oògùn yín sórí dígí fèrèsé kí ẹ ní Màmá Tíṣà ló kọ́ yín. Bí ẹ bá fura sí oògùn, ẹ gbé e lọ bá dókítà, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Ọsibítù kan ní Èkó ni a ti gba oògùn tí mo gbé bọ̀. Nímọ̀ta kán nínú rẹ̀ lójú mi. Ó jọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ẹ̀fẹ́ tún ro sítáàṣì. Mo fi epo kan ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́.

Ilé

Mo kó fọ́tò méjèèjì lọ bá dókítà wa, èyí tó jọ àti èyí tí kò jọ. Ó wò wọ́n, ó ka èsì ilé àyẹ̀wò náà, ó sì ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sìlífátù. Mo ní ẹnu rẹ̀ ni ó dára kó ti gbọ́ ọ. Ó dìde, ó wá sí ilé mi fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta oògùn nítòsí gáréèjì náà kó ìyókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn ní ọsibítù. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà wá lọ, òun náà kò mọ ohun tó ń tà.

Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò ṣubú. Oṣù kan kọjá, kò ṣubú. Dókítà ní ó lè padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni ìyá ọkọ rẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Wọ́n wá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, wọ́n pọn ọmọ. Wọn kò jókòó. Mo rò pé wọn yóò sọ̀rọ̀ pípẹ́, mo tilẹ̀ ti gbé àga síwájú. Ńṣe ni wọ́n wọlé tààrà lọ bá Sìlífátù nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tú ọ̀já.

"Gbà á," wọ́n ní. "Ọwọ́ rẹ ni kí o fi gbé e."

Ọmọ náà kọ́kọ́ di aṣọ ìyá bàbá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ẹni tó ń gbé e, ó na ọwọ́ sí imú rẹ̀, ó sì fà á. Ooru ń mú nínú yàrá náà. Ẹnìkan sáré lọ tan fáànù kọjú sí mi, mo sì ní kó yí i sọ́dọ̀ ìyá àti ọmọ.